Yíyan Ẹ̀rọ Aṣẹ̀dá-Ohùn fún Orin Hip Hop: Ìtàn Àwọn Ẹ̀rọ Tí Ọjà Kọ̀

Ìbéèrè tí olóòtú ètò yìí gbé ka iwájú wa kò gùn: ẹ̀rọ wo ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ máa ṣe orin hip hop rà, báwo ni yóò sì ṣe kọ́ ọ? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀rọ kan, kí n sọ iye rẹ̀, kí n sì dákẹ́. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni n óò sọ, nítorí pé lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán nínú ìtàn orin yìí, ẹ̀rọ tí ọjà ti kọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gbé, tí wọ́n kọ́ dójú àmì, tí ó sì wá di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri.

Kí ni ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ohùn, èyí tí àwọn olórin ń pè ní synthesizer? Ó jọ dúrù lójú, ṣùgbọ́n kò ní okùn, kò ní awọ, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Iná mànàmáná ni ó ń sọ di ohùn. Ibi tí ohùn ti kọ́kọ́ ń jáde nínú rẹ̀ ni oscillator. Ohùn náà nípọn, ó sì rí játijàti, bí àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ fún ògì. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sínú asẹ́. Bí ìyá ológì ti í sẹ́ ògì kí èèrí lè kù sórí asẹ́, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ yìí í dá apá kan ohùn dúró, tí í sì jẹ́ kí ìyókù kọjá. Bí a bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa, ohùn yóò dún bí ẹni pé inú ìkòkò ni ó ti ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni envelope, tí ń pàṣẹ bí ohùn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, bí yóò ṣe pẹ́ tó, àti bí yóò ṣe kú. Ẹni tí ó lu agogo mọ̀ pé ìró rẹ̀ a máa jáde lójijì, a sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó fọn fèrè mọ̀ pé ohùn a máa dúró níwọ̀n ìgbà tí èémí bá wà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì yìí ni iṣẹ́ envelope.

Ní ọdún 1964 ni Robert Moog, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ tirẹ̀ han àwọn olórin. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, wáyà ni a sì fi ń so apá kan mọ́ èkejì. Ní ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé Minimoog jáde, èyí tí ènìyàn lè gbé lọ sí òde eré: oscillator mẹ́ta, ìtẹ̀ dúrù 44, àti àwọn kókó tí à ń yí bíi ti rédíò, tí gbogbo wọn wà ní gbangba lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò ní ibi ìpamọ́ kankan. Ohùn tí o bá ṣe lónìí, bí o kò bá kọ ipò kókó kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, o lè má tún bá a pàdé mọ́ láé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà dé ibẹ̀.

Orin hip hop fúnra rẹ̀ kò bá ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ohùn wáyé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní Bronx nínú ìlú New York, Clive Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kool Herc, lu àwo níbi àríyá kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin pè. Giramafóònù méjì àti àwo orin ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìlù nìkan ti ń dún nínú àwo ni àwọn oníjó fẹ́, òun náà sì ń wá ọ̀nà láti mú un gùn sí i. Ìlù ni orin yìí fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ ìlù ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó di tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlù méjì ni ó jáde ní ọdún 1980. Roger Linn ní Amẹ́ríkà ṣe LM-1, tí a ti gba ohùn ìlù gidi sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $5,000, àwọn gbajúmọ̀ olórin ni wọ́n sì rí i rà. Ilé-iṣẹ́ Roland ní Japan, tí Ikutaro Kakehashi dá sílẹ̀ ní ọdún 1972, ṣe TR-808, tí owó rẹ̀ jẹ́ $1,195. Kò sí ìlù gidi kankan nínú èyí. Iná mànàmáná ni ó fi ń ṣẹ̀dá ohùn gbogbo, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ Moog ti ń ṣe, ohùn náà kò sì jọ ìlù tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ rí. Kakehashi fúnra rẹ̀ ṣàlàyé nígbà tí ó yá pé àwọn transistor tí ó ní àbùkù ni òun mọ̀ọ́mọ̀ rà fún un, pé àbùkù yẹn ni ó fún un ní ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọrin wò ó bí ohun ìṣeré ọmọdé. Nǹkan bí 12,000 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní ọdún 1983, àlòkù rẹ̀ sì di ohun tí à ń rí rà ní pọ́ọ́kú.

Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò nílẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá kan. Ní ọdún 1982, Afrika Bambaataa àti Soul Sonic Force gbé “Planet Rock” jáde. Arthur Baker ni ó darí ìgbohùnsílẹ̀ náà, John Robie ni ó sì tẹ dúrù. Orin Kraftwerk ti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n tẹ̀lé ipa rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ ní TR-808 tiwọn! Gẹ́gẹ́ bí Baker ti sọ, inú ìpolówó ìwé ìròyìn ni wọ́n ti rí ọkùnrin kan tí ó ní i, wọ́n sì háyà òun àti ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ yìí, torí ọgbọ́n ìkọ́ni pọ̀ nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì 16 ni ó tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A pín ìwọ̀n ìlù kan sí ọ̀nà 16. Ibi tí o bá tẹ̀ ni ìlù yóò ti dún, iná kékeré yóò sì máa sáré kọjá lórí wọn. Ọmọ tí kò mọ àmì orin kankan yóò fi ojú rí ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Kókó kan sì wà tí ń pàṣẹ bí ìlù ńlá yóò ti pẹ́ tó kí ó tó kú. Àwọn ọ̀dọ́ yí i dé òpin. Ìlù kò kú mọ́. Ó ń hó lábẹ́lẹ̀ bí ààrá tí ó jìnnà, ó sì gba iṣẹ́ gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ṣe. Láti Miami ní àwọn ọdún 1980 dé Atlanta ní ọ̀rúndún yìí, lórí kókó kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀pọ̀ orin dúró lé.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Minimoog náà. Bernie Worrell ti fi ṣe ohùn ìsàlẹ̀ “Flash Light” fún ẹgbẹ́ Parliament, orin tí ó gba ìgboro ní ọdún 1978. Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ Moog dá a dúró, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tí ó lè pa ohùn mọ́ ti gba ọjà. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 1992, Dr. Dre gbé àwo The Chronic jáde ní Los Angeles. Ohùn tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí ń yọ̀ láti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀ láìjá, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Minimoog. Ẹni tí ó bá ti wo àyàn tí ó ń fún ọṣán gángan mọ́ ìhà kò nílò kí a ṣàlàyé ohùn yẹn fún un. Ohùn kan ṣoṣo ni Minimoog lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bíi gángan. Gbogbo ẹwà rẹ̀ wà ní ọ̀nà tí ohùn náà gbà dé ibi tí ó ń lọ. (Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣòro fún mi láti gbà pé àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀, bí wọ́n ti ṣe nínú àwọn àwo tí King Sunny Adé ṣe fún ilé-iṣẹ́ Island láàrin 1982 àti 1984, níbi tí ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ohùn ti wà láàrin àwọn onílù.)

Ẹ wá wo òdìkejì. Ní 1983, Yamaha gbé DX7 jáde, lórí ìmọ̀ tí John Chowning ṣàwárí ní Yunifásítì Stanford. Ó tà bí àkàrà. Ṣùgbọ́n kò sí kókó lójú rẹ̀. Bọ́tìnnì àti fèrèsé kékeré kan ni, àtiṣẹ̀dá ohùn tuntun lórí rẹ̀ sì le kọjá sísọ. Ohùn 32 tí ilé-iṣẹ́ ti tò sínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Èmi fúnra mi ti gbọ́ ohùn dúrù kan náà nínú orin ìjọ́sìn, orin ìfẹ́ àti ìpolówó ọṣẹ. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti lo ohùn tí a bá nínú ẹ̀rọ. Pharrell Williams àti Chad Hugo lo Korg Triton, tí ó jáde ní 1999, ohùn inú rẹ̀ sì tó wọn láti fi dá àrà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń jù nù kí wọ́n tó mú ohun tí wọ́n mú.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ orin á máa sọ pé ẹni tí ń tẹ bọ́tìnnì kì í ṣe olórin. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ẹni tí ó pinnu ibi tí ìlù yóò ti dún nínú ọ̀nà 16, tí ó sì pinnu ibi tí kò gbọdọ̀ ti dún, orin ni ó ń kọ. Ewu tó wà nínú èrò yín ni pé, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà á, ọmọ tí kò ní owó dúrù kò ní rí ẹnu ọ̀nà kankan gbà wọlé.

Lóde òní, owó kọ́ ni ìdènà tó ga jù. Roland tún ṣe TR-808 ní kékeré ní 2017 pẹ̀lú orúkọ TR-08. Kọ̀ǹpútà sì lè sín gbogbo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ. Ọ̀pọ̀ ohùn ni ìṣòro: akẹ́kọ̀ọ́ a ṣí ẹgbẹ̀rún ohùn, ilẹ̀ a ṣú, kò ní tíì ṣe ẹyọ kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rà fún ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ra ẹyọ kan tí oscillator, asẹ́ àti envelope rẹ̀ wà lójú, kí ẹ sì pa ibi ìpamọ́ rẹ̀ tì fún sáà kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ìlù ńlá TR-808 fúnra rẹ̀. Kí ó mú ìgbì ohùn tí ó dán jù lọ, èyí tí kò ní hàrùhàrù kankan. Kí ó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lókè, kí ó já wálẹ̀ kíákíá. Kí ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó kú. Kí ó kọ ipò kókó gbogbo sínú ìwé rẹ̀, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ẹni tí ó jókòó tì í sì fi ìwé yẹn ṣe é padà.