Ètò Dára, Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Mú?

Nígbà kan, a kọ sọ́fítíwià fún ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ògbà. Lórí kọ̀ǹpútà wa, ó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Ìgbà tá a gbé e débẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ò wọ inú ilé náà rárá. Bàbá tó ń tọ́jú ẹrù rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò kúkú bi mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ ká wo ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ tó yí wa ká. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà. Ìjọba tó wà ní Ìbàdàn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ ká mú méjì nínú wọn.

Dunlop ń ṣe táyà ní Ọ̀nà Ọba Àkran. Lẹ́yìn ọdún 2000, wọ́n náwó gidi sórí ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa ṣe táyà tírélà. Ètò yìí ò burú. Àmọ́ nǹkan méjì tó gbé e ró ò sí lọ́wọ́ wọn: owó ibodè àti iná. Ìjọba àpapọ̀ dín owó ibodè táyà kù, táyà òkèèrè bá ya wọlé. Iná ò dúró, jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù bí omi. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà tiẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Nígbà tó di 2008, táyà ò jáde mọ́ ní Ìkẹjà náà.

Guinness ńkọ́? Wọ́n ṣí ilé ìpọntí wọn ní Ìkẹjà ní 1962. Òkèèrè ni ọkà bálì tí wọ́n ń lò ti ń wá. Ní 1988, ìjọba fòfin dè é. Ṣé wọ́n wá kógbá wọlé ni? Rárá o. Àwọn apọntí yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo, wọ́n sì tún ọ̀nà ìpọntí ṣe, nítorí ọkà bàbà kì í ṣe bíi bálì nínú ìkòkò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì ti ń yẹ ọkà bàbà wò kí òfin yẹn tó dé.

Òótọ́ ni pé kò sí ọkà bàbà tí Dunlop lè fi rọ́pò iná. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olórí béèrè kí owó tó wọlẹ̀: kí ló wà nínú ètò yìí tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú? Tó bá ti í mọ́ wa, ibo la ó gbà? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ní tiwa, a padà sí Ògbà. A tún sọ́fítíwià náà kọ kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ bàbá la kọ́kọ́ lọ.