Ìlọ́tìkọ̀ Àwọn Tí Ń Kọ Áàpù láti Gba BlackBerry 10, 2013 sí 2022

Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní ọ̀rúndún ogún, ààfin Ọwá àtijọ́ àti àwọn ojúbọ kò bá wọn sọ̀. Ẹni tí ó ń kó lọ ní láti ṣírò ohun tí yóò fi sílẹ̀.

Irú ìṣirò yìí ni àwọn tí ń kọ áàpù ṣe nígbà tí ilé-iṣẹ́ BlackBerry, ti ilẹ̀ Kánádà, gbé ètò tuntun tí yóò máa darí fóònù rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Èdè Java ni wọ́n ti fi kọ áàpù fún fóònù àtijọ́. BlackBerry 10 kò sì gba Java. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ di aláìwúlò lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé áàpù tí ó yege, tí ó sì pa tó $1,000 láàárín ọdún kan, òun yóò sọ ọ́ di $10,000. Síbẹ̀, Instagram kò kọ tirẹ̀ rárá. Agídí kọ́ ni èyí: orí Android àti iPhone ni oníbàárà pọ̀ sí. WhatsApp ní tirẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2017.

Ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń gba PIN ara wọn kí wọ́n tó gba nọ́ńbà fóònù, àwọn tí ó ra fóònù náà kò sí níbi ìṣirò yìí. Láti ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, kò dájú mọ́ pé fóònù wọn yóò lè pe ẹnikẹ́ni.