Asẹ́ Ni àbí Oníbodè?

Ẹ bó àlùbọ́sà kan láti ọjà Mile 12 l'Ékòó. Láàárín ìpele kan sí èkejì, ẹ óò rí awọ tín-ín-rín kan tó mọ́ gaara. Òun ni olùkọ́ máa ń tẹ́ sábẹ́ máíkírósíkóòpù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n ń rí dà bí bíríkì tí wọ́n tò: sẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Robert Hooke ló sọ ọ́ lórúkọ, lọ́dún 1665. Ó wo èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ó rí ihò kéékèèké, ó ní wọ́n jọ yàrá kótópó. Èèpo tó ti kú ló ń wò. Ará ilé ti lọ, ògiri nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó fẹ́ ká pè é ní àhámọ́. Ẹ̀wọ̀n ni àhámọ́. Ta ló ń ti ìyè mọ́lé? Ẹ jẹ́ ká gba sẹ́ẹ̀lì bí a ṣe gba búrẹ́dì àti tòmátì.

Ìbòrí tó yí i ká ló ń fẹ́ orúkọ Yorùbá. Láti 1970 tí Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀, irú ìbéèrè yìí kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀. Èèpo kọ́, nítorí dídànù là ń da èèpo. Mo kọ́kọ́ mú asẹ́, nígbà tí mo rí ìyá ológì kan ní Ketu: ògì kọjá, èèrí dúró. Ó dùn mọ́ mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì tún pa á rẹ́. Títóbi nìkan ni asẹ́ mọ̀. Ìbòrí yìí ń yàn. Ọ́ksíjìn ń gba ara rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, àmọ́ sódíọ̀mù inú iyọ̀, bó ti kéré tó, iná tó gbé lára kò jẹ́ kí ọ̀rá ìbòrí náà gbà á. Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa (ti àlùbọ́sà yàtọ̀), ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń lé sódíọ̀mù mẹ́ta síta, tó ń gba pòtásíọ̀mù méjì wọlé, ẹyọ kan èròjà agbára tó ń jẹ́ ATP ni sẹ́ẹ̀lì sì ń san fún ìyẹn nígbà kọ̀ọ̀kan. Mo wà nínú dáńfó tó ń lọ Ikosi nígbà tí etí mi gbọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe bíi “kò sí ọ̀fẹ́”. Owó-bodè nìyẹn! Awọbodè ni mo wá sọ ìbòrí náà.

Lẹ́yìn awọbodè, orúkọ fún ohun tó wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìyè ló tún fẹjú mọ́ mi. Ní 1953, Stanley Miller fi iná tó ń ṣẹ́ bíi mànàmáná sínú èéfín omi gbígbóná, mẹ́téènì, amóníà àti háídírójìn. Àwọn èròjà tí a fi ń mọ pùrótéènì jáde. Ṣùgbọ́n èròjà lásán kì í ṣe ìyè. Àwọn irú ọ̀rá kan wà tí orí wọn fẹ́ omi, tí ìrù wọn ń sá fún un. Bí wọ́n bá bọ́ sómi, wọ́n á ká ara wọn kò bí ìfófòó. Ìgbà náà ni inú àti ìta ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Nítorí náà ni mo ṣe pe ìfófòó àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ní onínú. Olóòtú mi rẹ́rìn-ín, ó ní onínúfùfù ni etí òun ń gbọ́. Mo ṣì fi í síbẹ̀.