Eyín 27, Eyín 28: Ìtàn Tó Fara Pamọ́ Sínú Ihò Ara Intake

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi earpiece sétí níbi iṣẹ́ tí ọ̀gá ò mọ̀, a ò ní tú yín fó. Ìtàn tírẹ́ẹ̀dì la fẹ́ sọ lónìí. Mi ò sọ tírẹ́ẹ̀dì orí Twitter o. Tírẹ́ẹ̀dì ara bóòtù ni mò ń wí, eyín tó ń yí irin ká bí ìkarahun ìgbín.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn kí mọ́tò wọn sáré bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ra Honda tókùnbọ̀, ó so turbo mọ́ ọn. Turbo ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá, torí náà ó yẹ kí awakọ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe ń le tó. Géèjì ló máa sọ fún un. Géèjì náà sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa gbọ́ ìròyìn, ìyẹn ihò kan lára intake, àpótí alumíníọ̀mù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sìlíńdà. Mẹkáníìkì máa lu ihò náà, á fi táàpù gé eyín sínú rẹ̀, á wá yí orí irin kékeré tí wọ́n ń ti rọ́bà géèjì bọ̀ wọ inú ibẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tí géèjì yẹn bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń kọ 1/8 NPT sí ara páálí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti Japan, ẹ lè rí 1/8 PT níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n NPT ní eyín 27 nínú íǹṣì kan, PT ní 28. Igun tó wà láàárín eyín méjì nínú NPT jẹ́ dígírì 60, ti PT jẹ́ 55. Kí ló dé tí àwọn èèyàn á ṣe ohun méjì tó jọra tó báyìí, tí wọn ò wá kúkú ṣe ẹyọ kan?

Láyé àtijọ́, àríwísí alágbẹ̀dẹ ni tírẹ́ẹ̀dì. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, bóòtù tí wọ́n ṣe ní àdúgbò kan kì í wọ nọ́ọ̀tì àdúgbò kejì. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1800, Henry Maudslay ní London ti ṣe ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀dì tó lè gé tírẹ́ẹ̀dì kan náà léraléra láìyẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Whitworth ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Whitworth dá dúró ní Manchester, ó kó bóòtù jọ láti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ̀n wọ́n, ó sì mú ohun tó wà láàárín gbogbo wọn. Igun tó bá ibẹ̀ jáde ni dígírì 55. Ní 1841 ó gbé àbá náà síwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní London, ojú irin àtàwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì gbà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí àṣírí kankan nínú 55 yẹn. Bí ìgbà tí gbogbo ilé bá dá owó jọ tí wọ́n sì pín in dọ́gba ni.

Lọ́dún 1864, William Sellers dìde ní Franklin Institute ní Philadelphia, ó ní ti Whitworth le jù láti ṣe. Orí eyín Whitworth rí róbótó, àtiṣe é gba irinṣẹ́ púpọ̀ àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ dójú àmì. Sellers mú dígírì 60, ó gé orí eyín rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe àgbà ọ̀jẹ̀ lè gé e kó sì wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbà á ní 1868. Robert Briggs, tí òun náà wà ní Philadelphia, ló ṣètò ti páìpù. Nígbà tó fi máa di 1886, àwọn tó ń ṣe páìpù ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Òun ni bàbá NPT.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe pín sí méjì. Tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníwèé lásán ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Baltimore. Ní February 1904, iná sọ ní àárín ìlú náà. Panápaná wọ ọkọ̀ ojú irin láti Washington àti Philadelphia, wọ́n wá ran ará wọn lọ́wọ́. Wọ́n dé tán, omi wà, èèyàn wà, ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi ẹ̀bá títì Baltimore. Ilé tó lé ní 1,500 ló jóná. Nígbà tí ìjọba wá ṣèwádìí, oríṣi ẹnu rọ́bà panápaná tí wọ́n rí káàkiri Amẹ́ríkà lé ní 600. Ẹ sì ráńtí pé tírẹ́ẹ̀dì orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nìyẹn. Torí náà, ẹni tó bá ń fi mẹkáníìkì wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé "wọn ò mọ ìwọ̀n," kó rọra.

Ogun Àgbáyé Kejì ló fipá mú wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ní 1940, Gẹ̀ẹ́sì ní kí ilé iṣẹ́ Packard ní Detroit máa bá òun ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú Merlin ti Rolls-Royce. Gbogbo tírẹ́ẹ̀dì inú ẹ́ńjìnnì yẹn ló jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó ń ta táàpù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Packard ní láti fọwọ́ ara wọn ṣe táàpù tí wọ́n máa lò. Mo fẹ́ràn ibí yìí jù nínú ìtàn náà: kí wọ́n tó lè ṣe ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n máa fi gé eyín bóòtù rẹ̀! Lẹ́yìn ogun, ní November 1948, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Canada fọwọ́ sí ìwé ní Washington pé tírẹ́ẹ̀dì kan náà làwọn máa lò fún bóòtù. Dígírì 60 ni wọ́n mú. Bóòtù mẹ́tíríkì òde òní, M6, M8, tó wà lára Toyota yín, dígírì 60 náà ni.

Tí ìtàn bá parí síbẹ̀, à bá ní Sellers ló borí. Àmọ́ ti páìpù ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n páìpù tí àjọ ISO gbà fún gbogbo ayé, ti Whitworth ni, dígírì 55. Òun ni Japan ń lò. Òun náà ló wà lára páìpù omi inú ilé wa ní Nàìjíríà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló kó o wá. Nítorí náà, lára mọ́tò Japan kan ṣoṣo, Philadelphia ló di bóòtù mú, Manchester ló di ojú ihò tí wọ́n ń de sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì mọ́. Géèjì Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ rà wá gbé Philadelphia mìíràn dé.

Kí ló wá lè ṣẹlẹ̀? Tẹ́ ẹ bá yí orí irin NPT sínú ihò PT, á wọ̀ bíi ìyípo méjì, á wá le. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti ń fún nìyẹn, á fi sípánà tì í. Alumíníọ̀mù ò lágbára irin, eyín inú ihò á bó. Tó bá sì jẹ́ PT ló wọ ihò NPT, kò ní fún dáadáa, wọ́n á wá fi tẹ́ìpù funfun wé e títí á fi dúró. Tẹ́ìpù yẹn wà láti dí àlàfo kékeré, kò lè sọ eyín 28 di 27. Lára intake, afẹ́fẹ́ á máa jò, ẹ́ńjìnnì á máa lọ sókè sódò nígbà tí mọ́tò bá dúró. Lára ibi sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, ọ́ìlì ló máa jò, ìyẹn sì lè pa odindi ẹ́ńjìnnì lórí ọ̀nà márosẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lu ihò tuntun, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tú intake kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi gíríìsì pa ẹnu táàpù pé á gbá èérún irin mú. Gíríìsì ò lè gbá gbogbo rẹ̀ mú, èyí tó bá sì bọ́ sínú sìlíńdà á ha ògiri rẹ̀. Tí ihò bá jẹ́ 1/8 NPT, ẹnu dírìlì 11/32 íǹṣì ni, nǹkan bíi mìlímítà 8.7. (Bẹ́ẹ̀ ni, 1/8 íǹṣì fúnra rẹ̀ ò ju mìlímítà 3 àti díẹ̀ lọ. Orúkọ ihò inú páìpù àtijọ́ ni, kì í ṣe ìwọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́ yín.) Kẹrosíìnì díẹ̀ dára fún alumíníọ̀mù. Ìdajì ìyípo síwájú, ìdá mẹ́rin ìyípo sẹ́yìn, kí èérún lè já. Táàpù páìpù máa ń tóbi sí i bó ṣe ń wọlé, torí náà bó ṣe jìn tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Kí wọ́n máa dúró, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi orí irin náà dán an wò kó tó pọ̀ jù.

Kí wọ́n sì ra táàpù àti orí irin pa pọ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan náà, kí lẹ́tà ara méjèèjì bára mu, yálà ní Ládípọ̀ ni o, yálà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú sẹ̀ǹtímítà kan, ìyàtọ̀ eyín 27 àti eyín 28 ò tó ìdajì eyín kan.