Láti Bárékè Ìkẹjà dé Odò Òkè-Àfà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rin ìrìn àjò lọ sí Àgbádárìgì láti wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí a fi de àwọn ẹrú. Ìrìn àjò tó dára ni. Ṣùgbọ́n nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkẹjà, ibi ọ̀fọ̀ kan wà tí àlejò kì í sábà bèèrè ọ̀nà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2002, iná ràn dé ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ilé wó, ojú ọ̀run pọ́n rokoṣo. Àwọn ará àdúgbò rò pé ogun ti dé. Ìyá pọn ọmọ, wọ́n sá gba apá Ìsọlọ̀ lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé Òkè-Àfà, ewéko sì bo ojú odò tí ìjọba gbẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000; omi ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀.

Òpó ìrántí wà ní Òkè-Àfà. Ní àyájọ́ ọjọ́ náà, àwọn ẹbí a máa kó òdòdó lọ síbẹ̀.

Ní Àgbádárìgì, àwọn tó jẹ̀bi ti kú tipẹ́. Ní ti Ìkẹjà, àwọn tó yẹ kí a bi ìdí tí àdó olóró fi wà láàárín ilé àwọn ènìyàn, púpọ̀ wọn ṣì lè dáhùn. Ó jọ mí lójú pé èyí gan-an ni kò jẹ́ kí a fẹ́ mú àlejò débẹ̀.