Ohun Tí Wọ́n So Mọ́ Ìbàdí: Ìtàn Àwọn Sójà Oníkẹ̀kẹ́ Ọdún 1897

Láti ìgbà tí a ti kéde pé àwọn ìdílé inú ìjọ wa níbí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì yóò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sínú igbó ní Sátidé kejì oṣù, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi. "Daddy, irú waist bag wo ni ká rà? Ńlá ni àbí kékeré?" Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n fi link ránṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ìtàn lọ ná. Àwọn kan ti gun kẹ̀kẹ́ kọjá òkè ńlá kí wọ́n tó bí bàbá mi, èèyàn dúdú bíi tiwa sì ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe di ẹrù wọn ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1897, ogún sójà aláwọ̀ dúdú gbéra ní Fort Missoula, ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, lórí kẹ̀kẹ́. Inú ẹgbẹ́ ogun 25th Infantry ni wọ́n wà. Òyìnbó ni ọ̀gá wọn, Lieutenant James Moss. Dókítà kan bá wọn lọ, akọ̀ròyìn kan náà bá wọn lọ. Ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n ń lọ, nǹkan bí 1,900 máìlì. Ẹ wá fojú inú wò ó: kí èèyàn gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó dé Kánò, kó padà sí Èkó, kó tún gbọ̀nà Kánò lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe orí títì o. Ẹrẹ̀ ni, òkúta ni, òkè Rocky tí yìnyín ṣì wà lórí rẹ̀ ni. Nígbà tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́, wọ́n á sì máa fọwọ́ tì í.

Kí ni wọ́n gbé? Wọ́n ká bùláńkẹ́ẹ̀tì àti àgọ́, wọ́n so wọ́n mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́. Oúnjẹ wà nínú àpótí láàárín irin kẹ̀kẹ́, lábẹ́ ibi tí orúnkún ń gbà. Tí ẹ bá da kẹ̀kẹ́ àti ẹrù pọ̀, ó ń lọ sí 60 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bíi kílò 27. Ìbọn wà ní ẹ̀yìn wọn. Ìbàdí ńkọ́? Ìgbànú ọta ìbọn ló wà níbẹ̀, àádọ́ta ọta.

Ẹ dákun, ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò da ọta yẹn sínú àpótí oúnjẹ? Ṣebí àyè wà. Sójà tí wọ́n bá yọ sí lójijì kò ní ráyè sọ̀ kalẹ̀, kó tú okùn, kó máa wá nǹkan lábẹ́ ẹran gbígbẹ. Ohun tó wúwo, kẹ̀kẹ́ ni kó gbé e. Ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ bà kíá, ìbàdí ni ààyè rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àpò tí ẹ fẹ́ rà, inú gbólóhùn méjì yẹn ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá mi bọ̀, ìtàn náà kò tíì parí.

Omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwọn jẹ́. Wọ́n ti ṣètò oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn lójú ọ̀nà réluwéè, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún máìlì síra wọn. Àmọ́ omi kò ṣeé tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ oníyanrìn ní Nebraska, oòrùn ń pa wọ́n, yanrìn jìn débi pé wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sójú irin réluwéè, kẹ̀kẹ́ wá ń ta wọ́n gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lórí igi tó wà lábẹ́ irin. Omi tí wọ́n rí mu níbẹ̀ ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, ó sì dá wọn dùbúlẹ̀. Moss fúnra rẹ̀ ṣàìsàn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, wọ́n wọ St. Louis, èrò sì jáde wá wò wọ́n. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì!

Ìjọba kò tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi dá wọn padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn tí mi ò lè gbàgbé ni Sergeant Mingo Sanders. Ní ọdún 1906, Ààrẹ Theodore Roosevelt lé sójà 167 nínú ẹgbẹ́ ogun yẹn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìsí ìdájọ́, nítorí ìbọn tí wọ́n ní wọ́n yìn ní ìlú Brownsville ní Texas. Sanders wà nínú wọn, ẹni tó ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún nínú iṣẹ́ ogun. Kò rí owó ìfẹ̀yìntì gbà. Ọdún 1972 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn láre, ó sì ti pẹ́ tí Sanders ti kú. Mo mọ̀ pé kò kan ọ̀rọ̀ àpò, ṣùgbọ́n mi ò lè dárúkọ ìrìn àjò wọn kí n fi ìyà wọn pamọ́ fún yín.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn kí kẹ̀kẹ́ tó tún di ohun orí òkè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County ní California bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn díje lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti orí òkè. Gary Fisher, Joe Breeze àti Charlie Kelly wà lára wọn. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ń gùn, inú ihò táyà ẹ̀yìn ni búrèkì rẹ̀ wà. Tí wọ́n bá fi máa délẹ̀, gíríìsì inú rẹ̀ á ti gbóná di èéfín, wọ́n á sì tún òmíràn rọ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà ní Repack. Àwọn yẹn kò nílò àpò púpọ̀, nítorí ọkọ̀ ló ń gbé wọn gòkè, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń dé ìsàlẹ̀.

Àpò dé nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Michael Eidson, òṣìṣẹ́ ìlera pàjáwìrì kan ní Texas, lọ bá wọn gun kẹ̀kẹ́ nínú ooru gbígbóná. Ó rọ omi sínú ọ̀rá dírípù, ó ti ọ̀rá náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó wá fa rọ́bà rẹ̀ gba èjìká wá sí ẹnu. Àwọn tó rí i á ti fi rẹ́rìn-ín! Ibẹ̀ ni CamelBak ti jáde. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ń gbé omi sí. Omi nìkan kọ́ o. Bí àyè bá ti wà nínú àpò, ọmọ èèyàn á kún un. Ẹ̀yìn wá ń làágùn, èjìká ń ro wọ́n, tí wọ́n bá sì dorí kọ ìsàlẹ̀ òkè, ẹrù á fẹ́ gba orí wọn kọjá. Ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi sọ àpò padà sí ìbàdí nìyẹn.

Àwọn ìyá wa kò tiẹ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ rí. Tòbí tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ìró, tó ní àpò, kí ni ẹ pè é? Ìyá á pọn ọmọ, á ru igbá, owó ọjà á sì wà ní ìbàdí rẹ̀ pẹ́pẹ́. Bíbélì gan-an mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Jésù ń rán àwọn méjìlá jáde nínú Máàkù orí kẹfà, tó ní kí wọ́n má mú owó lọ, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ fún àpò owó, ìgbànú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Inú àmùrè ni èèyàn ń fi owó sí láyé ìgbà náà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá dé ilé ìtajà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Nítorí náà, bí kẹ̀kẹ́ yín bá ní ibi tí wọ́n ń ti ike omi bọ̀, ibẹ̀ ni kí omi púpọ̀ wà. Fún ẹni tó ń dá rìn fún wákàtí méjì, àpò lítà méjì tàbí mẹ́ta ti tó: túùbù kan, páǹpù kékeré, sípánà, fóònù, nǹkan ìpanu díẹ̀. Bàbá tàbí ìyá tó kó ọmọ lẹ́yìn lè ra ti lítà márùn-ún tàbí mẹ́fà, èyí tó ní ibi tí ike omi ń wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ìdí láti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá tóbi jù, ẹ ó kún un, á sì máa jó ní ìdí yín bíi ti ọmọ tí wọ́n pọ̀n tí ọ̀já rẹ̀ tú.

Ìgbànú rẹ̀ ni kí ẹ wò ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Kó fẹ̀. Kó jókòó sórí eegun ìbàdí, kì í ṣe kó fún ikùn pọ̀. Ẹ rọ omi sínú ike, ẹ kó o sínú àpò náà níbẹ̀ nílé ìtajà, ẹ fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má tijú. Tó bá rìn kúrò láyè rẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ sì má jẹ́ kí sípánà tàbí irin kankan wà gẹ́lẹ́ lórí eegun ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn balẹ̀, ohun tó le ni yóò kọ́kọ́ kàn yín. Ẹ fi aṣọ òjò sí àárín, kí irin bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Nígbà tí a jáde lóṣù tó kọjá, ikọ́ fée mú ọmọ kan láàárín igbó. Inhaler rẹ̀ wà, ẹ ṣeun Jésù, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀yìn ńlá ló wà, lábẹ́ aṣọ àti ike ìrẹsì. Ìyá rẹ̀ da gbogbo ẹrù sílẹ̀ kó tó rí i, ọmọ náà sì ń fa èémí bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ara rẹ̀ ti yá, ó wà ní Sunday School lánàá. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá rẹ̀ ra àpò ìbàdí kékeré kan, inhaler ló kọ́kọ́ fi síbẹ̀, nínú síìpù òkè, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń bà á láìwojú rẹ̀.

Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ó gbéra ní iwájú ilé ìjọsìn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń lo oògùn kankan, kó wá fi ibi tó wà hàn mí kí a tó kúrò níbẹ̀.