Pupa Ẹyin, Omi Àgbọn àti Àtọ̀ Òbúkọ

Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń sin ewúrẹ́ lápá Ajah báyìí, bi mí pé, “Bàbá, kí ni ká máa pe antioxidant ní Yorùbá?” Ó fẹ́ fi ṣàlàyé fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n ń fi sínú àtọ̀ òbúkọ kó má bàa tètè kú. Mo ní kó máa pè é ní adènà-ìpẹtà. Ṣé ẹ rí i, ọ́síjìn tó ń mú irin dípẹtà náà ló ń ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò pé tán, torí sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe irin, àmọ́ òṣìṣẹ́ tí kò ka ìwé púpọ̀ yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Lọ́dún 1780, àlùfáà ará Ítálì kan, Lazzaro Spallanzani, fi àtọ̀ sínú abo ajá láìjẹ́ kí akọ gùn ún. Ọjọ́ 62 lẹ́yìn náà, ó bí ọmọ mẹ́ta. Àtọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà nìyẹn. Bí a ó ṣe pa á mọ́ dọ̀la ló kù. Lọ́dún 1940, Phillips àti Lardy ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé pupa ẹyin ń dáàbò bo àtọ̀ akọ màlúù nínú òtútù.

Ọdún 1946 ni Tosic àti Walton ní Cambridge wá fi hàn pé àtọ̀ màlúù fúnra rẹ̀ ń ṣe hydrogen peroxide, èyí tí à ń rà ní kẹ́místì láti fi fọ egbò. Májèlé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ló ń pa á. Wọ́n sì tún rí i lẹ́yìn náà pé àwọn tó ti kú nínú ìgò ń ṣe é ju àwọn alààyè lọ. Ẹ gbọ́ ná: òkú ń pa alààyè! Ara àtọ̀ kún fún irú ọ̀rá tí ọ́síjìn tètè ń bà jẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà sì kéré débi pé kò rí ibi kó ohun ìjà pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fítámì E, fítámì C tàbí glutathione kún un.

Lọ́dún 1949, Polge, Smith àti Parkes ní Ìlú Ọba rí i pé glycerol ń jẹ́ kí àtọ̀ àkùkọ la dídì já. Lébẹ́ẹ̀lì ìgò tó ṣì ló fà á. Ṣúgà ni wọ́n rò pé àwọn ń lò. Láti ìgbà náà ni naitirójìn olómi, tó tutù dé -196°C, ti wá di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kí, tó mọ ìwà iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì wa, kò ní pe ìyẹn ní nǹkan kékeré. Fíríìjì nìkan, ní 4°C tàbí 5°C, jẹnẹrétọ̀ ló ń fẹ́.

Òbúkọ tún ní wàhálà tirẹ̀. Lọ́dún 1957, Roy, onímọ̀ kan ní Íńdíà, ṣàpèjúwe èròjà kan nínú àtọ̀ òbúkọ tó ń mú pupa ẹyin dì. Ohun tó gba màlúù là wá di ìṣòro fún òbúkọ. Àwọn kan ń fọ omi ara àtọ̀ náà kúrò kí wọ́n tó fi ẹyin sí i, àwọn mìíràn dín ẹyin kù. Ibí ni àgbọn ti wọlé. Ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Brazil, omi àgbọn ni wọ́n lò fún àtọ̀ òbúkọ. Ní FUNAAB, Abẹ́òkúta, wọ́n ti dán wàrà àgbọn àti omi èso wò lára ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa. Ó dùn mọ́ mi, torí kí ilé tó gba etí òkun wa láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kí, igi àgbọn ló wà níbẹ̀.

Ewúrẹ́ kúkurú yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ó máa ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Bó bá jẹ́ òbúkọ tí ọkọ̀ ń kó wá láti Òkè Ọya nìkan ló ń gun abo wa, ẹ̀jẹ̀ tó mọ bí a ṣe ń gbé inú igbó yìí yóò pòórá, kò sì sí ọjà tí a ó ti rà á padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tún bèèrè bóyá a lè ṣe é láìlo fíríìjì. Wọ́n ti ṣe é fún màlúù. Lọ́dún 1965, Shannon ní New Zealand gbé àpòpọ̀ kan jáde tó ń jẹ́ Caprogen: wọ́n fi naitirójìn lé ọ́síjìn jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì fi catalase, tó ń tú hydrogen peroxide ká, kún un. Àtọ̀ náà wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan láìsí yìnyín. Àmọ́ 18°C sí 24°C ni wọ́n ń fi í sí níbẹ̀. Lóṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀sán Ajah a máa ju 30°C lọ.